Ẹ mú ẹni tí ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ dání wọlé: bí a ṣe ń múra àdásọ sílẹ̀ fún ọdíṣọ̀n

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti jókòó sẹ́yìn tábìlì níbi ọdíṣọ̀n, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń dán òṣèré wò kí wọ́n tó yan ẹni tó máa kópa nínú eré, ìgbà tí mo sì ti dúró níwájú tábìlì ọ̀hún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan wà tó máa ń dùn mí. Ọ̀dọ́ kan á wọlé, á kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á dárúkọ ara rẹ̀, á mí kanlẹ̀, igbe á sì ta. Omijé á dà, á fọwọ́ gbá àyà, á ṣubú lulẹ̀, á tún dìde. Kò ní gbàgbé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ohùn rẹ̀ á dé títì. Àmọ́ bó bá jáde tán, tí ẹnìkan bá bi wá pé ta ni ọmọ yẹn ń bá sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa rí èsì fọ̀ nínú wa. Ọmọ náà ṣiṣẹ́, ó sunkún tòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ló wà nínú yàrá.

Àdásọ ni mò ń sọ, èyí tí àwọn tó ń ṣe ọdíṣọ̀n ń pè ní monologue: ọ̀rọ̀ tí ẹ̀dá ìtàn kan ń dá sọ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, tí ẹnikẹ́ni ò sì dá a lóhùn. Pé ẹnikẹ́ni ò dáhùn kò sọ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ òṣèré Ògbómọ̀ṣọ́, orí gbólóhùn yẹn ló dúró lé.

Láyé ọjọ́un kò sí ohun tó ń jẹ́ ọdíṣọ̀n. Eré alárìnjó, tó ti inú egúngún àti ààfin Ọ̀yọ́ Ilé jáde, agbo ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ọmọ á máa tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi mọ ijó, tí ẹnu rẹ̀ á sì mọ ìwì. Nígbà tí Hubert Ògúńdé dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, tí àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e, iṣẹ́ kíkọ́ náà ló ṣì jẹ́. Ọmọṣẹ́ á dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, á ru ẹrù, á lùlù, á já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀gá á sì máa wò ó. Àgbà òṣèré Lérè Pàímọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wa yìí, abẹ́ Oyin Adéjọbí àti Dúró Ládípọ̀ ló gbà kọjá. Ohun tí ọ̀gá ń fi oṣù mélòó kan wò lára ọmọṣẹ́ nígbà náà, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fi ń wò ó báyìí. Ìdí nìyẹn tí àdásọ kò fi yẹ ní ohun tí èèyàn ń há sórí nínú bọ́ọ̀sì.

Èwo lẹ máa mú lọ?

Ẹ kọ́kọ́ fara balẹ̀ ka ìpè ọdíṣọ̀n náà. Èdè wo ni wọ́n fẹ́? Ìṣẹ́jú mélòó? Orí ìtàgé ni àbí iwájú kámẹ́rà? Bí wọ́n bá ní ìṣẹ́jú kan, ẹ múra ìṣẹ́jú-àáyá 50, torí pé ìdákẹ́ tí ẹ ò retí máa ń wọlé lọ́jọ́ náà. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ bíi 120 tó ìṣẹ́jú kan bí ẹ bá fàyè sílẹ̀ fún èémí. Ẹ fi aago fóònù wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan ẹ̀dá ìtàn tí ọjọ́ orí rẹ̀ sún mọ́ tiyín. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu ọmọ ogún ọdún láti ṣe Aláàfin, tàbí ìyá arúgbó tó ń fi ọmọ ré. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ń wá ẹni tó máa gbé sínú eré rẹ̀ lọ́la, bí ẹ sì ṣe rí lónìí ni á ṣe lò yín. Ẹ jẹ́ kó rí yín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: wọ́n máa ń yan ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ìròyìn. "Lọ́jọ́ náà, a wà nílé, ni wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, ni bàbá mi bá dìde..." Ìtàn dára, ṣùgbọ́n ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, òṣèré ò rí nǹkan ṣe síi ju kó máa banú jẹ́ lọ. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń sọ ọ́ ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkan, nísinsìnyí, tí onítọ̀hún ò sì tíì gbà.

Bí ẹ bá mú un láti inú ìwé eré, ẹ ka ìwé náà tán. Mo ti rí ẹni tó ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó sí ọkọ bí ọ̀rọ̀ ọmọ sí bàbá, torí ojú ewé kan péré ló kà. Ẹ sì yẹra fún ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ti gbọ́ lẹ́nu òṣèré ńlá kan nínú fíìmù. Bí ẹ bá ti la ẹnu, ohùn ẹni yẹn ni wọ́n máa gbọ́.

Ẹ lè kọ tiyín pẹ̀lú. Ìtàn ìlú wa nìkan tó yín lò. Gbogbo ẹni tí mo bá ní kó kọ nǹkan lórí Ògúnlọlá, ọdẹ tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, ìgbà tó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ọ̀tá tó ń bá Ọ̀yọ́ jagun, dé Ọ̀yọ́ ni wọ́n máa ń kọ. Ẹni tó ti gbé orí ọ̀tá lọ́wọ́ kò fẹ́ nǹkan mọ́, ó ti ní in. Ẹ padà sídìí igi Ajagbọn, níbi tó ń gbé, ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n mú un lọ sí Ọ̀yọ́ bí arúfin. Kí ni ìyàwó rẹ̀ sọ fún àwọn tó wá mú un? Obìnrin yẹn fẹ́ nǹkan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì ní ju ìṣẹ́jú kan lọ kí wọ́n tó fa ọkọ rẹ̀ lọ. Àdásọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀kan wò

Èmi ni mo kọ èyí, ẹ lè fi ṣe ìdánrawò. Àṣàkẹ́, ọmọ ọdún 24, ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sọ̀rọ̀. Ìyá wọn, tó jẹ́ télọ̀ ní Sábó, kú ní oṣù tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sì ti rí ẹni tó máa ra maṣíìnì.

"Bùọ̀dá mi, ẹ jókòó. Mi ò ní pariwo. Ẹ wo ọwọ́ mi, mi ò mú nǹkan kan dání. Kọ́kọ́rọ́ yẹn nìkan ni mo wá gbà. Ẹ rántí alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lé yín wálé nítorí owó ìdánwò? Màámi ò sùn. Ìró maṣíìnì yẹn ni mò ń gbọ́ títí àkùkọ fi kọ. Nígbà tó di àárọ̀, wọ́n ka owó sí yín lọ́wọ́, wọ́n ní, 'Má sọ fún Àṣàkẹ́ pé owó tirẹ̀ wà nínú ẹ̀.' Mo gbọ́. Ẹ ò mọ̀ pé mo gbọ́, àbí? Ọdún méjìlá rèé. Mi ò sọ ọ́ rí, mi ò sì sọ ọ́ báyìí kí ẹ lè san án. Ẹ ta bẹ́ẹ̀dì wọn. Ẹ ta góòlù wọn. Ilẹ̀ tó wà lọ́nà oko, ẹ tà á, mi ò ní bèèrè. Maṣíìnì yẹn... Bùọ̀dá. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń kọ sórí ìwé kí n tó há ohunkóhun sórí. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀? Kí ni mo fẹ́ kó ṣe? Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí? Èyí tó wà láàárín ló le jù. "Mo fẹ́ kó mọ̀ pé inú mi bàjẹ́" kò tó, torí gbólóhùn kejì ni á ti mọ̀, eré sì tán. "Mo fẹ́ kó ti ọwọ́ bọ àpò, kó yọ kọ́kọ́rọ́ síta" ni ẹ máa kọ. Ẹ máa rí i pé ojú yín á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àpò ẹni tí kò sí níbẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ yín.

Ẹ wá fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ibi tí ọ̀nà ti yí. Àṣàkẹ́ kọ́kọ́ ń pẹ̀tù: ẹ jókòó, ẹ wo ọwọ́ mi. Bí èyí ò ṣe ṣiṣẹ́, ó lọ mú alẹ́ ọjọ́ náà wá. Kò sọ ọ́ kí àwa lè mọ ìtàn. Ó sọ ọ́ kó lè mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Níbi "Mo gbọ́," ilẹ̀kùn kan ṣí tó ti wà ní títì fún ọdún méjìlá, ibẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n náà á kọ́kọ́ gbé ojú sókè. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ rí ojú yẹn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní nǹkan: bẹ́ẹ̀dì, góòlù, ilẹ̀. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, bí ẹ bá sì fi ohùn kan náà gba gbogbo rẹ̀ kọjá, etí á sú àwọn tó ń gbọ́ kí ìlàjì tó pé.

Ẹ kíyè sí "ẹ" tó kún inú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àbúrò ni, kò lè jágbe mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ" yẹn ni ọmọrí tó bo ìkòkò tó ń hó. Òṣèré tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbe ti ṣí ọmọrí dànù, kò sì sí ohun tí a ń retí mọ́. Àṣà wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí fún wa, ó sì máa ń ká mi lára bí mo bá rí ọ̀dọ́ tó ń ṣe ọmọ Yorùbá bí ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n rí.

Níbi tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ẹ má sín ohùn ìyá jẹ. Àṣàkẹ́ ló ń sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ni kí ó wà.

Ohùn, àmì, èémí

Ẹ fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé yín, kódà bí Yorùbá bá jẹ́ èdè àbínibí yín. Ẹkún àti ìbínú máa ń tẹ́ ohùn mọ́lẹ̀. "Owó tirẹ̀" lè di "òwò tirẹ̀," "ẹ wo ọwọ́ mi" lè di "ẹ wo ọ̀wọ̀ mi," ẹni tó ń gbọ́ á sì jáde nínú eré láti lọ máa wá ìtumọ̀. Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò rèé: mo máa ń pa ẹnu dé, mo máa ń hùn gbólóhùn náà bí ìgbà tí gángan bá ń sọ ọ́, lẹ́yìn náà mo máa ń fi ohùn ẹkún hùn ún. Bí ẹni tó jókòó tì mí, tó ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, bá lè dá gbólóhùn kọ̀ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀, ohùn mi ò tíì sọnù.

Ẹ fi ìlà kékeré sí ibi tí ẹ máa ti mí. Ẹni tó bá gbàgbé láti mí ní ìbẹ̀rẹ̀ á máa sáré títí dé òpin. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀fun á gbẹ, ẹ mu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó wọlé, ẹ jìnnà sí omi tútù.

Bí ẹ bá ń há a sórí, ẹ há ìdí tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fi tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á wá fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́ sórí ìwé. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń fọṣọ, nígbà tí ẹ bá ń gbálẹ̀. Ẹ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ sọ ọ́ kíákíá láìfi ìmọ̀lára kankan sí i. Tó bá ṣe bíi ọjọ́ kẹrin, ẹ bẹ ẹnìkan kó jókòó síwájú yín kó má sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti gba kọ́kọ́rọ́ gidi lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kó má fún yín àyàfi bí ó bá wù ú nínú lóòótọ́. Kò sí ìdánrawò tó kọ́ mi ju èyí lọ.

Mo fẹ́ sọ nǹkan nípa eré ṣọ́ọ̀ṣì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa nílùú yìí ti kọ́kọ́ gun pèpéle, èmi náà pẹ̀lú. Ó kọ́ wa ní ìgboyà, kò sì sí ohun tí mo lè fi san án. Ṣùgbọ́n ó tún kọ́ wa láti kọjú sí èrò ká sì gbé ohùn dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láìsí makirofóònù. Nínú yàrá ọdíṣọ̀n tí èèyàn mẹ́ta jókòó sí, ohùn yẹn á bo ojú yín mọ́lẹ̀. Fún ìtàgé, ẹ bá yàrá mu. Fún kámẹ́rà, ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ojú ṣe iṣẹ́ tí apá ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an

Ìbàdàn ni wọ́n máa ń pe ọ̀pọ̀ nínú ọdíṣọ̀n tó sún mọ́ wa sí. Nǹkan bíi 100 kìlómítà ni láti ibí, ẹ sì mọ ohun tí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ti fi ojú wa rí. Bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá ni wọ́n dá, ẹ sùn sí Ìbàdàn mọ́jú. Mo pàdánù ọdíṣọ̀n kan nítorí táyà tó bẹ́, mo dé nígbà tí wọ́n ń kó àga sínú mọ́tò, mo sì rántí ọ̀rọ̀ tí mo há sórí lọ́jọ́ náà dòní.

Aṣọ tí kò ní àwòrán tàbí ìkọ̀wé lára, tí ẹ lè jókòó kí ẹ sì dìde nínú rẹ̀, ló dára. Ẹ má wọ aṣọ ẹ̀dá ìtàn, ẹ má gbé àdá tàbí igbá wọlé. Kọ́kọ́rọ́ Àṣàkẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sí lọ́wọ́ yín.

Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń wò yín. Ẹ kí wọn, ẹ dárúkọ yín, ẹ sọ ẹni tí ẹ fẹ́ ṣe àti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá ní gbólóhùn kan. Ẹ má tọrọ àforíjì fún ohùn tó há tàbí fún oorun tí ẹ ò sùn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹni tí ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ sí ibì kan: ẹ̀gbẹ́ orí ẹni tó jókòó láàárín, díẹ̀ lókè èjìká rẹ̀, ní ìwọ̀n gíga ojú èèyàn. Ẹ má tẹjú mọ́ ẹni tó ń yẹ̀ yín wò, torí ẹ ti sọ ọ́ di òṣèré ẹlẹgbẹ́ yín nìyẹn, kò sì ní lè kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ má sì wo ilẹ̀.

Kí ẹ tó la ẹnu, ẹ gbọ́ ohun tí ẹni yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Fún Àṣàkẹ́, mo máa ń gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n ń sọ pé, "Mo ti gba owó maṣíìnì." Ìgbà náà ni "Bùọ̀dá mi, ẹ jókòó" á ní ìdí.

Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, ẹ má wo àwọn tó wà níwájú, ẹ má ṣẹ́jú sókè. Ẹ máa wo ẹ̀gbọ́n náà, ẹ ṣì ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́. Nínú ìdákẹ́ yẹn, ọ̀rọ̀ sábà máa ń padà, àwọn tó ń wò yín á sì rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni. Bí kò bá padà rárá, ẹ sọ wọ́ọ́rọ́wọ́ pé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní òpin, ẹ dúró fún èémí kan kí ẹ tó jẹ́ kí Àṣàkẹ́ lọ.

Dáírẹ́kítọ̀ lè sọ pé, "Tún un ṣe, àmọ́ kó o máa rẹ́rìn-ín." Kò ní in lọ́kàn pé ẹ ṣe é burú. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè gba ìtọ́ni lórí lókéṣọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Ẹ yí i padà gidi, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀, kódà bí èrò yẹn bá dà bí ohun tí kò bá a mu. Mo ti rí ẹni tí a mú torí ìgbà kejì yẹn nìkan.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi fídíò ránṣẹ́

Ẹ dá fóònù sùn ní ìbú, kí ó wà ní gíga ojú yín, kí ògiri tó wà lẹ́yìn yín má ní kàlẹ́ńdà. Ẹ kọjú sí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lu ojú yín. Ẹni tó bá kẹ́yìn sí fèrèsé á di òjìji. Ẹ pa ìpè fóònù. Ní agbègbè Under G, kó tó di aago méje àárọ̀ ló dára jù, kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ á dúró ní ẹ̀gbẹ́ fóònù gan-an, kó má jìnnà sí i. Lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document kí àwòrán má bà jẹ́, kí ẹ sì fi orúkọ yín sọ fáìlì náà.

Ẹ má sanwó fún ipa. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, ẹ má lọ. Bí ẹ ò bá mọ àwọn tó pe ọdíṣọ̀n, ẹ bèèrè wọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré tíátà àti fíìmù, tó wà nílùú, kí ẹ sì mú ẹnìkan dání lọ.

Tí ẹ bá jáde, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó dé Ọ̀yọ́: ibi tí ọ̀rọ̀ ti sọnù, ohun tí dáírẹ́kítọ̀ ní kí ẹ yí padà, ibi tí yàrá ti dákẹ́. Ẹ má máa pè wọ́n láràárọ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ àdásọ mìíràn tó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Bí èyí tí ẹ ṣe bá jẹ́ ti ẹkún, kí èyí jẹ́ ti ẹ̀rín, torí wọ́n lè bi yín lọ́jọ́ mìíràn pé, "Ṣé ẹ ní òmíràn?"